Ohun Tí Mo Sọ fún Àwọn Oníléeṣẹ́ Géèmù ní Ọsáká

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Japáànù, ohun mẹ́ta ni àwọn èèyàn máa ń bi mí ní Ìjàyè. Àkọ́kọ́, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń jẹ ẹja láìsè láìsun? Èkejì, ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ ojú irin wọn ń sáré tó ọkọ̀ òfurufú? Ẹ̀kẹta, kí ni ọmọ àgbẹ̀ oníṣu wá débẹ̀? Mo máa ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sí ti àkọ́kọ́, àti pé ó kù díẹ̀ sí ti èkejì. Ti ẹ̀kẹta ni kò ṣeé dáhùn lórí ìdúró. Òun ni mo jókòó kọ yìí, kí ẹnu mi lè sinmi.

Orúkọ mi ni Síkírátù Àjàdí. Ìjàyè ni wọ́n bí mi sí, Ajibode ni mo ń gbé báyìí. Èmi àti Adébáyọ̀, tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, la gba yàrá kan níbẹ̀, tí a gbé kọ̀ǹpútà méjì àti bátìrì sólà kan sí, tí a sì ń ṣe géèmù. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ní kí ló ń jẹ́ géèmù. Ẹ ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n di nǹkan kékeré kan mú, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n ń sáré bí wọ́n bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n ń gbá yẹn, èèyàn ló jókòó ṣe é. Irú iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Ọ̀nà Ṣáṣá la pe géèmù àkọ́kọ́ tí a ṣe. Ẹni tó bá ń gbá a ni dírẹ́bà. Ó ní láti wa ọkọ̀ akẹ́rù jákujàku kan láti oko Ìjàyè dé ọjà Ṣáṣá nígbà òjò, pẹ̀lú iṣu, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ̀fọ́ tó rọ. Kòtò wà lọ́nà, ẹrẹ̀ wà, ewúrẹ́ wà, ìyá ẹlẹ́rù kan sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí kì í dákẹ́: "Dírẹ́bà, rọra! Ṣé òkúta lo kó ni?" Ohùn ìyá mi gan-an la gbà sílẹ̀ fún un.

A gbé apá kan rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn èèyàn tọ́ ọ wò. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ilé-iṣẹ́ géèmù ńlá kan ní Ọsáká, ní Japáànù, rí i, ó sì jà fún un títí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi gbà láti bá wa gbé e jáde. Nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde, wọ́n ní kí ẹnì kan nínú wa wá parí iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wọn, pé ọ̀rọ̀ kan sì wà tí àwọn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wa lójúkojú. Oyún ìyàwó Adébáyọ̀ ti wọ oṣù ìbí nígbà náà. Èmi ló kàn.

Nígbà tí mo lọ dágbére lóko, Bàámi fi ọkọ́ sílẹ̀.

"Síkírà, ibi tí ò ń lọ yìí, ṣé wọ́n ń kírun níbẹ̀?"

"Wọn ò pọ̀, Bàámi, ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí wà."

"Ó dáa. Má jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sì bi ọ́, bó bá ṣe rí lọ́kàn rẹ ni kí o sọ ọ́. A kì í rìn jìnnà lọ purọ́."

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Okada

Àárín òkun ni wọ́n kọ́ pápákọ̀ òfurufú Ọsáká sí. Bí ọkọ̀ wa ṣe ń sọ̀kalẹ̀, omi nìkan ni mò ń rí. Mo ti ka kálímà tán lọ́kàn kí n tó rí ilẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún gbé pátákó tí wọ́n kọ orúkọ mi sí dání. Ó tẹríba. Mo tẹ orúnkún díẹ̀. Ó tún tẹríba ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ. Tirẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n ó mọ́.

"Okada," ó wí, ó fi ọwọ́ kan àyà.

Mo ní, "Rárá o, ẹ ṣeun, ẹrù mi pọ̀. Ẹ jẹ́ ká wọ mọ́tò."

Ó wò mí. Mo wò ó. Ìgbà tó fi káàdì orúkọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni ń fún ọba ní nǹkan, ni mo tó mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn, pé òun gan-an ni ọ̀gbẹ́ni tó rí géèmù wa. Mo ṣàlàyé fún un pé nílùú wa, alùpùpù akérò là ń pè ní ọ̀kadà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì.

"Ṣé ó máa ń sáré?"

"Ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, sà."

"Èmi kì í sáré," ó wí.

Inú rélùwéè tó gbé wa wọ ìlú ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àlejò ni mí. Ọkọ̀ kún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́, láìsí oníwàásù, láìsí olóògùn, láìsí ẹni tó ń bá kọ̀ńdọ́ jà nítorí ṣéńjì. Fóònù mi dún. Ìyá mi ni. Mo gbé e bí a ṣe ń gbé e nílé. "Ẹ káàsán mà! A ti dé o! Mo ní a ti dé!" Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Gbogbo wọn kàn tẹjú mọ́ bàtà ara wọn bí ẹni pé bàtà ló ń pariwo. Ọ̀gbẹ́ni Okada rọra sọ fún mi pé a kì í gbé fóònù nínú rélùwéè. Mo pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá mi rò pé àjálù ti dé, ó sì ti pe Adébáyọ̀ kí a tó sọ̀kalẹ̀.

Ilé Màmá Nishida

Ọ̀dọ̀ opó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Màmá Nishida ni à ń pè wọ́n. Yàrá òkè ilé wọn ni wọ́n máa ń fi gba àlejò. Bí mo ṣe bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà tí mo rí orí funfun yẹn, eékún mi ti kan ilẹ̀ kí n tó rò ó. Màmá ta gìrì. Àwọn náà kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ àti iwájú orí kan ilẹ̀. Èmi náà bá tún wálẹ̀ sí i, nítorí orí ọmọ kì í ga ju ti àgbà lọ níbi ìkíni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà nílẹ̀, àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Ọ̀gbẹ́ni Okada ló wá fà wá sókè.

Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ èdè wọn. Fóònù la fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Bí ti fóònù bá sú wa, a ó fi ọwọ́ àti ojú sọ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ olómi kan àti àwo kékeré kan tí wọ́n dé lórí síwájú mi. Ojú wọn ń tọrọ àforíjì kí n tó ṣí i. Mo ṣí i. Òórùn tó jáde níbẹ̀, mo dìde dúró. Irú ni! Irú wóró gan-an, tó ń fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ṣe é. Màmá Nishida rò pé mo fẹ́ sá ni, nítorí ọ̀pọ̀ àlejò ló ti sá fún un. Mo jókòó padà, mo da gbogbo rẹ̀ sórí ìrẹsì, mo lọ mú ata gígún tí ìyá mi dì fún mi, mo bu díẹ̀ sí i. Omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe nítorí ata. Màmá náà tọ́ ọ wò. Omi bọ́ lójú àwọn náà. Tiwọn, ata ni.

Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, inú ohun gbogbo ló wà níbẹ̀, àní inú bisikíìtì pàápàá. Màmá Nishida á gbé awò ojú sójú nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa ka ẹ̀yìn ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá dára, wọ́n á fi ìka ti imú wọn sókè bíi ti ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á dá a padà sórí pẹpẹ. Àwọn èèyàn ń wò wá. Wọn ò bìkítà.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn. Nínú rélùwéè àràárọ̀, èèyàn á dúró kún ọkọ̀, àga ẹ̀gbẹ́ mi á sì ṣófo. Lákọ̀ọ́kọ́ mo rò pé mò ń rùn ni, mo tilẹ̀ pààrọ̀ ọṣẹ. Nígbà tó yá, mo bi Ọ̀gbẹ́ni Okada. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ pọ́n. Ó ní ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé màá bá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ó kàn fẹ́ tù mí nínú ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé báàgì mi sórí àga náà. Àyè gbà mí dáadáa.

"Ó le díẹ̀"

Ilé-iṣẹ́ náà ga, ó kún fún èèyàn, kò sì sí ariwo níbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú ni pé kò sẹ́ni tó ń sọ pé rárá. Mo bi Ọ̀gbẹ́ni Okada bóyá mo lè lo yàrá kan lọ́jọ́ kejì. Ó fa èémí wọlé láàárín eyín, ó ní, "Ọ̀la... ó le díẹ̀." Mo ní kò burú, màá fara da á. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn mìíràn ti kún inú rẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé rárá ni wọ́n sọ fún mi. Kò yẹ kó yà mí lẹ́nu. Ọmọ Yorùbá tó bá ní "a ó máa rí i" lórí ọ̀rọ̀ owó, ṣé ẹ ti rí i rí?

Nígbà tí mo ti mọ́ wọn lára díẹ̀ ni wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè kan wà tó ní ètò àsanwó oṣooṣù. Ẹ mọ irú rẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n tó ní díìṣì lórí òrùlé: ẹ ó san owó oṣù, ẹ ó wo ohun tó bá wù yín, bí ẹ kò bá san, ó ṣú. Géèmù ni tiwọn. Ẹni tó bá ti san owó oṣù lè gbá gbogbo géèmù tó wà níbẹ̀, kò ní láti ra ìkankan. Àwọn wọ̀nyí wá bá ilé-iṣẹ́ Ọsáká pé kí wọ́n gbé géèmù ńlá wọn tuntun sínú ètò náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá jáde, pẹ̀lú àwọn kéékèèké bíi tiwa. Àwọn á san owó ńlá kan sílẹ̀.

Géèmù ńlá yìí, ti àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi ọdún púpọ̀ ṣe é. Mo rí àwọn tí ewú wọn yọ sórí rẹ̀. Bó bá tà, ilé-iṣẹ́ á rí owó ṣe òmíràn. Bó bá rì, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ti géèmù wa, kò lè wọ inú ètò náà bí èmi àti Adébáyọ̀ kò bá fọwọ́ sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Okada ló ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ẹni tó takò ó ni Ìyáàfin Hayashi, ọ̀gá àwọn tó ń ta géèmù, obìnrin kúkúrú kan tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gba Okada síṣẹ́. Àwọn méjèèjì pè mí jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fi mí sáàárín.

"Ẹni tí kò lè ra géèmù kan lè san owó oṣù," Ọ̀gbẹ́ni Okada wí. "Géèmù wa á dé ọwọ́ àwọn tí kò dé rí. Owó náà sì ti wà nílẹ̀. Bí géèmù bá tà, bí kò tà, a ti gba tiwa."

Ìyáàfin Hayashi fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun lélẹ̀. "Àwọn tó fẹ́ géèmù yìí ti ń retí rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Wọ́n á rà á. Kí ló dé tí a ó fi ní kí wọ́n gba ilé ẹlòmíràn kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa? Lọ́dún yìí, owó tí wọ́n ń fi lọ̀ wá dùn. Lẹ́yìn ọ̀la, nígbà tí àwọn oníbàárà wa bá ti di tiwọn, iye tí wọ́n bá ní àwọn máa san la ó gbà."

"Ayé ti ń yí, mà."

"Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," Ìyáàfin Hayashi wí, wọ́n sì gbé ọ̀pá wọn padà.

Iṣu tí wọn ò sè

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Okada gbọ́ pé àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, ó ní mo gbọ́dọ̀ bá òun dé abúlé òun, nítorí ìyá òun náà ń gbin iṣu. Rélùwéè kékeré kan gbé wa la àárín òkè kọjá. Abúlé náà rẹwà, ṣùgbọ́n ó dá. Ilé tí wọ́n ti pa dé pọ̀ ju èyí tí èèyàn wà lọ, ewéko sì ti hù kọjá fèrèsé. Gbogbo ẹni tí mo rí ló ti dàgbà.

Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọkọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn yára jù wá lọ. Iṣu tí wọ́n ń gbìn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn bí ọ̀pá. Ihò tí a gbẹ́ kí a tó yọ ọ̀kan jìn tó àyà mi. Mo bọ́ kóòtù, mo gba irin lọ́wọ́ wọn, mo wọ inú ihò. Ìyá náà ń pàtẹ́wọ́. Mo yọ ọ̀kan láìṣẹ́, n kò sì tíì rí ohun tó mú orí mi wú tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rin iṣu náà bí ẹni ń rin ilá, wọ́n dà á sórí ìrẹsì, wọ́n gbé e fún mi. Iṣu tútù! Kò kan iná rárá. Ó ń fà láti inú àwo dé ẹnu. Mo rò ó pé bí Bàámi bá rí i, wọ́n á ní ìyà kan ti jẹ àwọn èèyàn yìí rí tí igi ìdáná fi tán. Mo jẹ ẹ́ tán. Ètè ń yún mi títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò burú.

Nígbà tí a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Okada nawọ́ sí ilé kan tí òrùlé rẹ̀ ti jìn.

"Ṣọ́ọ̀bù nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọn ò ta géèmù. Ó dìgbà tí a bá lọ sí ìlú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí n tó rí ẹni tó ń gbá a. Màá dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá máa wò ó. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ ètò yìí nìyẹn. Ẹni tó wà ní irú ibí yìí á san owó díẹ̀, ohun gbogbo á sì ṣí fún un."

Èmi náà ti dúró lẹ́yìn ẹlòmíràn rí, ní Ajibode, mò ń wò ó bó ṣe ń gbá ohun tí n kò lówó láti rà.

Nínú rélùwéè tó ń gbé wa padà, mò ń rò ó. Ohun tó sọ wọ̀ mí lọ́kàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni wọ́n fẹ́ bi mí níbi ìpàdé tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìpinnu. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa pé ilé-iṣẹ́ ńlá bíi tiwọn. Mo sì ti rí ìdáhùn rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ ó gbè mí nípàdé," Ọ̀gbẹ́ni Okada wí.

Ọkùnrin tó rí géèmù wa láàárín ẹgbàágbèje nìyí. Bí kì í bá ṣe òun, Ajibode ni ǹ bá ṣì wà. Mo fa èémí wọlé láàárín eyín. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Okada... ó le díẹ̀."

Ó gbọ́ mi yé. Ó yí ojú sí fèrèsé títí a fi dé Ọsáká.

Ìpàdé

Mo pe Adébáyọ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ẹkún ọmọ tuntun ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Tiwa ńkọ́?" ó bi mí.

"Tiwa, ká gbà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wá. Ẹni tó bá ti san owó oṣù á tọ́ ọ wò láìronú. Tiwọn ni mo máa sọ pé kí wọ́n má fi síbẹ̀."

"Síkírà, kí ló kàn ọ́ nínú tiwọn? Okada ló gbé wa dé ibi tí a dé. Sọ pé ó dáa, kí o máa bọ̀ nílé."

"Wọ́n á bi mí, Adé. Wọ́n tìtorí rẹ̀ san owó ọkọ̀."

Adébáyọ̀ ní, "Bó bá wá bínú tó já wa sílẹ̀ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé a ó wá ẹlòmíràn."

Mo sọ ọ́ bí ẹni tó dá lójú.

Alága ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ bàbá arúgbó kan tí ohùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnì kan jókòó tì mí, ó ń túmọ̀. Ìyáàfin Hayashi sọ tiwọn. Ọ̀gbẹ́ni Okada sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ dáadáa, ó sì sọ̀rọ̀ nípa abúlé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Alága kọjú sí mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àlejò.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé tiwa sínú ètò náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé tiyín."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ikọ́ bò ó. Alága ní, "Ẹ fẹ́ kí tiyín wọlé, ẹ ò fẹ́ kí tiwa wọlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò sẹ́ni tó ń retí tiwa. Ẹni tí wọn ò mọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún èèyàn tọ́ wò. Tiyín, gbogbo ayé ló ń retí rẹ̀. Nílùú mi, bí iṣu tuntun bá jáde, owó iṣu tuntun la fi ń tà á. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn náà la máa ń bó, tí a ń sá fún èlùbọ́. Èlùbọ́ dára, ó ń pẹ́, gbogbo èèyàn ló sì lè rà á. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tó máa bó àkọ́so iṣu fún èlùbọ́ nítorí pé ẹnì kan ti san owó èlùbọ́ sílẹ̀."

Ògbifọ̀ náà dúró lórí èlùbọ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo dúró dè é, lẹ́yìn náà mo tẹ̀ síwájú.

"Ẹni tó ni ètò àsanwó náà lè gbé géèmù tirẹ̀ síbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí òun ló ni ọjà. Bó bá pàdánù lórí ẹrù, á jèrè lórí èrò tó wọ ọjà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ọjà, sà. Ẹ̀yin lẹ ni ẹrù. Àwọn géèmù yín àtijọ́ tí kò tà mọ́, ẹ gbé wọn lọ. Èyí, nígbà tí àwọn tó fẹ́ rà á bá ti rà á tán, ẹ gbé òun náà lọ. Ẹni tó wà ní abúlé Ọ̀gbẹ́ni Okada á gbá a. Á kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀ ni."

Mo jókòó. Ọ̀gbẹ́ni Okada ń wo tábìlì. Nígbà tí ìpàdé tú, ó tẹríba fún mi, ó tẹ̀ ẹ́ jìn ju ti ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé lọ. Mo ti gbé láàárín wọn pẹ́ tó láti mọ̀ pé bí ó bá jìn tó bẹ́ẹ̀ láàárín ẹni tó ti mọra, ohun kan ti fọ́. Fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń kí mi, ó ń dá mi lóhùn iṣẹ́, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé Màmá Nishida nìkan ni mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìyáàfin Hayashi ló wá sí ìdí tábìlì mi pẹ̀lú àkàrà òyìnbó kékeré kan tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa dídùn sí nínú. Alága ti pinnu. Wọ́n á ta géèmù ńlá náà fúnra rẹ̀. Àwọn àtijọ́ á wọ ètò àsanwó oṣooṣù, Okada ni yóò sì máa bójú tó wọn. Tiwa á wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Okada ló sìn mí dé pápákọ̀ lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀. Ó gbé ẹrù mi tó wúwo jù.

"Inú bí mi," ó wí.

"Mo mọ̀, sà."

"Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi nínú rélùwéè kí ẹ tó sọ fún wọn. Níbí, àwọn mìíràn ì bá máa rẹ́rìn-ín sí mi títí di inú ìpàdé." Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. "Bí ẹ bá tún ṣe òmíràn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ rí i kí ẹlòmíràn tó rí i."

Ajibode

Bàámi pa àgbò. Ìyá mi pe gbogbo agbo ilé, wọ́n sì ní kí n ṣe bí àwọn ará Japáànù ṣe ń kíra wọn. Nígbà tí mo sọ ti iṣu tútù, Bàámi ní kí n má parọ́ mọ́ wọn.

Géèmù ńlá náà jáde. Ìyáàfin Hayashi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ó tà." Nígbà tí títà rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n gbé e wọ ètò àsanwó oṣooṣù, àwọn tí kò rà á sì wá bá a níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Okada ní àwọn géèmù àtijọ́ tí òun ń bójú tó ti jí dìde. Àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí wọ́n ṣe wọ́n ló ń gbá wọn.

Ọ̀nà Ṣáṣá náà jáde. Èrò tó wọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pọ̀ débi pé èmi àti Adébáyọ̀ ń pariwo, onílé wa rò pé a ń jà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé ni wọ́n ń jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ lu kòtò àkọ́kọ́, wọ́n pa á, wọ́n gba ibòmíràn lọ. Ohun tí èèyàn kò dìídì san owó fún, kì í fara da kòtò rẹ̀. Ó dùn mí, n kò retí rẹ̀. Àwọn díẹ̀ ló wa ọkọ̀ náà dé Ṣáṣá, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò lọ mọ́. Wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń bèèrè bóyá ìyá ẹlẹ́rù náà wà láàyè.

Nígbà tí a ṣe géèmù kejì tán, èyí tí ẹni tó ń gbá a jẹ́ onílé ní Ajibode tí àwọn ayálégbé ń yọ lẹ́nu, àwọn elétò àsanwó oṣooṣù tún wá. Ọ̀gbẹ́ni Okada ló bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní àwa la ni ìpinnu. Owó tí wọ́n fi lọ̀ wá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Adébáyọ̀ fẹ́ kí a gbà á.

"Ọmọ ń dàgbà, Síkírà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá gba èyí, èwo la fẹ́ tà? Ṣé títí ayé la ó máa fún wọn tọ́ wò ni?"

A jiyàn fún ọ̀sẹ̀ kan. Níkẹyìn ó ní kí a tà á fúnra wa, bó bá rì, èmi ni màá bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀. Mo ní mo gbà.

Lọ́jọ́ tó jáde, iná ìjọba ti lọ, bátìrì sólà ti kú, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Kò sí èrò bíi ti ìgbà àkọ́kọ́. A jókòó, a ń wo kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìrun àsárì ni ọ̀rọ̀ kan wọlé ní èdè Japáànù. Mo fi fóònù túmọ̀ rẹ̀, mo kà á sókè fún Adébáyọ̀:

"Ti àkọ́kọ́, mo kàn bá a nínú ohun tí mò ń san owó oṣù fún ni. Mo gbá a tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èyí, mo ti ń wá ọjọ́ tó máa jáde. Mo rà á, mo sì ra ọ̀kan fún àbúrò mi."

Adébáyọ̀ ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó dìde, ó jáde lọ pa jẹnẹrétọ̀, ó padà wọlé sínú òkùnkùn, ó jókòó.

"Ó yá, kà á," ó wí. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa."